Okùn Kànga àti Ṣíbí Márùn-ún Àbọ̀

Nígbà tí mo kéré, okùn kúkúrú kan máa ń wà lórí ìṣó ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi ní Òkè-Ìlá ní Adó, ọmọdé kankan kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kànga gbígbẹ́ ni iṣẹ́ bàbá mi. Gbogbo kànga tí ó bá gbẹ́ ní okùn tirẹ̀. Ó máa ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí kànga bá ṣì ń fún ènìyàn lómi, okùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù, nítorí pé lọ́jọ́ tí omi bá gbẹ tí a bá fẹ́ gbẹ́ ẹ jìn sí i, okùn náà ni yóò sọ bí ó ṣe fẹ̀ tó nísàlẹ̀. Èyí tí ó wà lórí ìṣó yẹn ni okùn kànga ilé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi okùn yìí sọ́kàn. Mo máa ń sọ pé òun ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àbúrò mi, ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí gan-an: èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa á.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà náà. Mo wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tí ó dé ibẹ̀ ní agboolé wa, ẹ sì lè fojú inú wo bí orí mi ṣe wú. Òjò ọdún yẹn le. Ó rọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta léraléra, àgbàrá wọ inú ṣáláńgá tí ó wà lókè ilé wa, ó gbé ohun tí ó bá níbẹ̀, ó sì dà á sọ́nà kànga. A kò tètè mọ̀. Àwọn ọmọdé ló jẹ́ kí a mọ̀. Àrunṣu mú ọ̀kan, ó mú èkejì, ó mú ẹ̀kẹta. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí yàrá ìyá rẹ̀ kọjú sí tiwa kú kí oòrùn tó wọ̀. Mo gbọ́ igbe ìyá rẹ̀. Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò mi ọkùnrin. Ọmọ méjì ni màámi bí láàárín èmi àti òun, kò sì sí èyí tí ó dúró. Láti ọjọ́ Ajé yẹn ni màámi ti so ọmọ náà mọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ ọwọ́, tí ó ń se gbogbo omi kí ó tó fún un mu. Ṣùgbọ́n igi ìdáná ti rin gbingbin, èéfín ń pọ̀ ju iná lọ, ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin sì ń gún ìyá rẹ̀ níhà pé kí ó sọ òun kalẹ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣọ́ ẹnu ọmọ láti àárọ̀ di alẹ́.

Ní ọjọ́bọ̀, wolé-wolé dé. Ọkùnrin gíga ni, ó wọ ṣòkòtò kákí, kì í ṣe ará Èkìtì. A mọ̀ ọ́n nínú ohùn rẹ̀. Ó yọjú wo inú kànga, ó mi orí. Ó gbé agolo ìyẹ̀fun funfun kan sílẹ̀, òórùn rẹ̀ ta wá nímú. Ó ní oògùn omi ni.

Ó béèrè pé, "Báwo ni kànga yìí ṣe fẹ̀ tó nínú?"

Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Bàbá mi tí ó gbẹ́ ẹ wà ní Igbemo, níbi tí ó ti ń gbẹ́ kànga fún àwọn àgbẹ̀ onírẹsì. Ẹnu kànga wa kò lè sọ fún wa, nítorí pé bàbá mi ti fi símẹ́ńtì bò ó lókè, ó dín ẹnu rẹ̀ kù kí ọmọdé má baà já sí i. Inú rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Wolé-wolé wo oòrùn. "Ilé méje ló ṣì kù fún mi lónìí. Ta ló mọ̀wé níbí?"

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ti nàka sí mi kí ó tó gbẹ́nu kúrò níbẹ̀. "Ọmọ ulé wa nìyí. Girama l'ó ń lọ!" Ìyá Àgbà kì í pe ilé ní ilé, ulé ni, títí ó fi kú.

Wolé-wolé kọjú sí mi. "Ṣé wọ́n ti kọ́ yín bí a ṣe ń mọ iye omi tó wà nínú ohun tó rí bí agolo?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. A mú ìdajì ìbú rẹ̀, a fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, a fi méjìlélógún lórí méje sọ ọ́ di púpọ̀, a wá fi jíjìn rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀."

Aránṣọ tí ó ń gbé iwájú ilé wa, Mùsùlùmí kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, pàtẹ́wọ́. "Ẹ yà fún dókítà kànga o! Ẹ yà fún un!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín yẹn gan-an ni wolé-wolé ń bá mi sọ ohun tí ó kù. Ó ní ṣíbí ìjẹun kan fún gálọ́ọ̀nù omi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kí a dé e pa, kí ẹnikẹ́ni má fà á títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó wá fi kún un pé, "Bí ẹ bá ṣí i tí omi náà kò rùn rárá, oògùn kò tó nìyẹn, ẹ má mu ún." Mo gbọ́ ọ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìṣirò ti gba gbogbo inú orí mi, mo rò pé tí ìṣirò bá ti pé, kí ni a tún fẹ́ fi imú ṣe?

Mo so òkúta mọ́ okùn tí a fi ń fa omi, mo sọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fà á jáde, mo fi rúlà mi wọn ibi tí ó tutù. Ẹsẹ̀ bàtà méje. Ó ku ìbú. Màámi ló rántí okùn tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Okùn kànga wa nìyẹn. Òun ni bàbá rẹ fi wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Mo mú un. Ojóbó wà ní orí kan rẹ̀, kókó wà ní orí kejì. Mo rí i pé inú ojóbó náà ti dán bí ẹni pé nǹkan ti ń yí nínú rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Mi ò bi ara mi pé kí ló dé tí ó fi dán. Láti ojóbó dé kókó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì géérégé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ìbú kànga, ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ìdajì rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan.

Ìṣirò náà dùn débi pé ó yẹ kí ó ti dẹ́rù bà mí. Ọ̀kan lọ́nà ọ̀kan, lọ́nà méjìlélógún lórí méje, lọ́nà méje. Méje pa méje, ó ku méjìlélógún. Ìyẹn ni pé omi inú kànga lè kún àpótí méjìlélógún tí gígùn, ìbú àti gíga wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Àpótí kan ń gba gálọ́ọ̀nù mẹ́fà àti ìdámẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ gálọ́ọ̀nù mẹ́tàdínlógóje àti ààbọ̀. Mo pín in sí ọ̀nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n: ṣíbí márùn-ún àbọ̀. Mo fi ọ̀bẹ tẹ́ orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan kí ó má baà fi ẹyọ kan lé. Ẹ wo bí mo ṣe ṣọ́ra tó. Màámi dà á sínú kànga, aránṣọ fi ìdérí bò ó, ó sì gbé òkúta lé e.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, mo lọ sílé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ti fẹnu kò pé tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa bá lù ní ọ̀sán, àwọn yóò ṣí kànga. Mo gbọ́dọ̀ sọ àṣà kan fún yín. Ní agboolé wa, tí a bá ti tún kànga ṣe, ọmọ tí ó kéré jù tí ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbá ife mú ni ó máa ń kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀, ẹni tí ó dàgbà jù a sì tẹ̀lé e. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe ń mọ gbogbo ilé. Àbúrò mi ni ọmọ yẹn.

Ní àkókò ìsinmi wa kejì, mo gba ẹ̀yìn ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ kọjá. Ọkùnrin méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kànga tuntun. Ọ̀kan kan èèkàn mọ́lẹ̀. Ó fi ojóbó okùn kúkúrú kan kọ́ ọ. Èkejì di kókó tí ó wà ní orí kejì okùn náà mú pẹ̀lú ìṣó, ó fà á le, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ká, ó ń fa ìlà sórí ilẹ̀. Ojóbó náà ń yí lára èèkàn, ó ń dán.

Ìlà náà yí po, ó pé, mo sì rí i pé okùn náà kò gba inú kànga náà já. Láti àárín dé etí ni. Ìdajì ni. Mo tún ronú kan bàbá mi, bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí ó ṣe máa ń gbé apá sókè kí ó tó sọ dígà sílẹ̀. Ta ló lè ju dígà nínú ihò ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjì? Kànga wa fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin. Omi rẹ̀ kò jẹ́ àpótí méjìlélógún, méjìdínláàádọ́rùn-ún ni. Gálọ́ọ̀nù ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé àádọ́ta. Ṣíbí méjìlélógún ni ó yẹ kí n fi sí i. Mo fi márùn-ún àbọ̀ sí i.

Aago ara ògiri fi agogo méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú hàn. Mo sáré lọ bá olùkọ́ tí ó ń ṣọ́ wa, mo ní mo ní láti délé kíákíá nítorí omi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Omi? Lọ kọ ọ́ sínú ìwé, kí o gbé e lọ sí ọ́fíìsì, kí wọ́n fọwọ́ sí i." Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé kí n má sọ ìkúnlẹ̀ di ìwé. Mo dìde, mo sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Mo gbọ́ tí ó ń pè mí. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

Ilé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì méjì sí ilé-ẹ̀kọ́. Ilẹ̀ ṣì tutù, bàtà mi ń yọ̀, mo bọ́ ọ, mo fi lé ọwọ́. Mo ń sáré, mo sì ń ka ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nílé bí ẹni pé mo wà níbẹ̀: wọ́n ti gbé òkúta kúrò, wọ́n ti ṣí ìdérí, okùn ti ń lọ sísàlẹ̀. Mo wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó wọ Òkè-Ìlá nígbà tí agogo lù. Mẹ́ta, ó dúró. Mẹ́ta, ó dúró. Gbogbo ìgbà tí ó ti ń lù láti kékeré mi ni mo ti máa ń dúró gbàdúrà. Lọ́jọ́ yẹn, mo ń gbàdúrà, mi ò dúró.

Nígbà tí mo wọ àgbàlá, ìdérí ti wà nílẹ̀. Àbúrò mi jókòó sórí òkúta tí wọ́n gbé kúrò, àgbọ̀n rẹ̀ tutù. Ife náà ti wà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Ó gbé e sí imú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ wò ó, kò tilẹ̀ rùn! Omi ulé wa ti dá ṣáká." Ó gbé ife sókè.

Mo gbá ife náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lónìí lè má mọ ohun tí mo ṣe yìí. Èmi, ọmọ ọmọ, gbá omi lọ́wọ́ ìyá tí ó bí bàbá mi, lójú gbogbo ilé. Màámi gbá mi létí kí ife náà tó dẹ́kun yíyí nílẹ̀.

"Ṣé orí rẹ ti dàrú ni?"

Mo ní, "Màámi, oògùn náà kò tó. Mo ṣì í. Ìdámẹ́rin péré ni a fi sí i. Ẹ má mu ún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún."

Aránṣọ ti fa korobá kan, ó ti ń gbé e lọ sílé láti fi ṣe àlùwàlá. Ó yí padà. "Dókítà, àná lo ní ó tó o. Ṣé kànga ló sanra di òní ni?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ okùn àti èèkàn fún wọn. Ó yé wọn pé kànga fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ohun tí mo kọ. Ṣùgbọ́n màámi ní, "Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po méjì, ìdajì ni a fi sí i, kì í ṣe ìdámẹ́rin. Ìdajì oògùn náà oògùn ni." Ìyá Àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni, omi tí kò rùn kò lè pa ènìyàn. Mo rí i pé wọ́n fẹ́ gbà á gbọ́. Omi gidi wà níwájú wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ta ni kò ní fẹ́?

Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo mú agolo mílíìkì méjì àti agolo bísíkíìtì ńlá tí màámi ń kó gààrí sí; mo da gààrí náà sórí atẹ. Mo to agolo mílíìkì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú agolo ńlá náà. Wọ́n kan etí rẹ̀ níhìn-ín, wọ́n kan etí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ní, "Ẹ rí i pé ìbú èyí jẹ́ méjì ìbú ìyẹn." Mo fi èédú fa ìlà sínú agolo ńlá níbi tí orí agolo mílíìkì mọ, kí gíga wọn lè dọ́gba. Mo kó wọn jáde. "Agolo mílíìkì mélòó ni yóò kún un dé ojú ìlà?"

Aránṣọ ní, "Méjì. Ọmọdé kò lè ṣì í."

Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ bù ú nínú korobá rẹ̀. Ó da ọ̀kan sí i. Ó da èkejì. Omi náà kò kọjá ìdajì ọ̀nà. Ó wo inú agolo, ó wò mí. Ó da ẹ̀kẹta. Nígbà tí ó da ẹ̀kẹrin, omi náà gòkè, ó sì kan èédú.

Aránṣọ gbé korobá rẹ̀, ó rìn lọ sí etí gọ́tà, ó sì dà á nù tán pátápátá. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

Nígbà náà ni màámi kúnlẹ̀ níwájú àbúrò mi, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. "Ẹnu mélòó lo mu?"

Ọmọ náà na ìka méjì sókè. Ó rò pé a fẹ́ yìn ín.

A tún fi oògùn náà sí i. Màámi fẹ́ kí a yọ márùn-ún àbọ̀ àná kúrò nínú iye rẹ̀; mo ní rárá, ìyẹn ti bá ìdọ̀tí jà, ó ti kú sójú ogun. Ṣíbí méjìlélógún tuntun ni a fi sí i, Ìyá Àgbà ló ń kà á sókè. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí a ṣí i, òórùn rẹ̀ mú wa sín. Kò sí ohun tí ó tíì dùn mọ́ mi nímú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹnu méjì ti wà nínú àbúrò mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ̀lé ọmọ náà kiri. Mo ń fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, mo ń fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, mo ń ka iye ìgbà tí ó lọ sẹ́yìn ilé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí oòrùn tó ta. Màámi kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo lọ wo ẹ̀yìn ilé, mo sì bá kóró máńgòrò mẹ́fà níbẹ̀, tí eyín kéékèèké ti ha dé egungun: máńgòrò ló ń lọ jẹ níkọ̀kọ̀. Mo pe màámi wá wò ó. Ó ka kóró náà. Ó tún un kà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ náà ń sá kiri. Bàbá mi ti Igbemo dé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò nà mí. Ó mú okùn náà kúrò lórí ìṣó, ó fi ìka àtàǹpàkò rìn nínú ojóbó rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹni tí ó rí okùn tí kò rí èèkàn, ìdajì kànga ló rí." Bàbá mi kò lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ìdámẹ́rin ni, kì í ṣe ìdajì. Ó wà lẹ́nu mi láti tún un ṣe fún un. Mo gbé e mì.

Láti ọjọ́ náà, èèkàn tí ó fi gbẹ́ kànga wà lórí ìṣó kan náà pẹ̀lú okùn rẹ̀, ó so wọ́n pọ̀.

Ayé ti yí. Ẹ̀rọ ń fa omi láti inú ilẹ̀, òmíràn wà nínú ọ̀rá, fóònù sì lè ṣe ìṣirò mi yẹn kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Àwọn ọmọ mi àti ọmọ wọn máa ń ṣàròyé pé mo ti ń yọ wọ́n lẹ́nu jù: tí wọ́n bá fi iye kan hàn mí, ì báà jẹ́ oògùn ọmọ tàbí omi tí a fẹ́ pò mọ́ oúnjẹ ọmọ ọwọ́, n kì í bèèrè bóyá ìṣirò rẹ̀ pé. Ìṣirò tèmi pé. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Wọn á rojú, wọn á sì padà lọ wò ó. Kò burú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rojú.

Àbúrò mi ti di bàbá arúgbó. Tí ó bá wá kí mi ní Adó, mo máa ń bu omi fún un fúnra mi, mo sì máa ń gbé ife náà sí imú kí n tó fi lé e lọ́wọ́. N kì í mọ̀gbà tí mo ń ṣe é. Òun ni ó máa ń rí i. Á gba ife náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó rùn?"

Á mu ún. Èmi a sì máa ka ẹnu rẹ̀.